Òkè Ṣábẹ̀ kò hù, ilẹ̀ tó yí i ká ló lọ

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Kútọnu lọ sí Pàràkú rí yóò mọ ibi tí ojú ilẹ̀ ti máa ń yí padà. Láti etí òkun títí kọjá Bohicon, ilẹ̀ pupa àti ọ̀pẹ ni ẹ ó máa rí. Ẹ lè wa ilẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, láti àárọ̀ di alẹ́ kí ẹ má rí òkúta tó tó fi pa ekùrọ́. Ní Ìdáàṣà ni òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìdáàṣà kò nílò kí n bá a polówó: gbogbo ayé ti ń pè é ní ìlú òkè mọ́kànlélógójì, àwọn Kátólíìkì sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ lóṣù kẹjọ lọ́dọọdún nítorí ihò àpáta Arigbo. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò máa lọ. Ẹ kọjá Glazoué, ẹ gba orí afárá odò Wẹ̀mẹ̀, ẹ ó bá Ṣábẹ̀ níwájú, ìlú tí àwọn Faransé kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Savè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, oko iṣu, oko ẹ̀gẹ́, igi ẹ̀mí níhìn-ín lọ́hùn-ún. Lójijì, àpáta ràbàtà kan yọ láàárín pápá, orí rẹ̀ pá, ara rẹ̀ dúdú, ó dá dúró bí àlejò tí kò rí ẹni kí i káàbọ̀. Kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan tó ń kìlọ̀ fún ẹsẹ̀ pé òkè ń bọ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tán, àpáta bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òmíràn nìyẹn. Nítorí bí orí wọn ṣe rí roboto, àwọn Faransé sọ wọ́n ní mamelles, ìyẹn ọmú, orúkọ tó ṣì ń pa àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́rìn-ín bí olùkọ́ bá kọ ọ́ sójú pátákó.

Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àgbà àti èwe: báwo ni òkè ṣe dé ibi tí kò sí òkè? Ìyá mi àgbà gbà pé àpáta máa ń dàgbà bí ènìyàn. Ó ní èyí tó wà lẹ́yìn ilé àwọn kò ga tó báyìí nígbà tí òun wà lọ́mọge. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní rárá o, òkè oníná ni, ó bú gbàmù láyé àtijọ́, ó wá dì. Àwọn méjèèjì ṣì í. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ìyá àgbà ni n ó gbè, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Àwọn tó ń bọ òkè ní ìtàn tiwọn, mi ò bá wọn du ìyẹn. Ibi tí àpáta ti wá la ń sọ, a ò sọ ti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

Èdè wa gan-an dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe òkè la fi ń sọ pé nǹkan wà lókè. A ti gbà láìronú pé ohunkóhun tó bá ń jẹ́ òkè, gígòkè ló gòkè. Bẹ́ẹ̀, òkè Ṣábẹ̀ kò gòkè.

Ẹ wo ebè iṣu. Àgbẹ̀ kọ ebè, ó gbin iṣu sínú rẹ̀, iṣu ta. Òjò ń rọ̀, ó ń fọ ebè náà lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òjò yóò bá fi rọ̀ dé oṣù kẹsàn-án, orí iṣu mìíràn á ti yọ síta, oòrùn á máa pa á. Ẹni tí kò roko rí lè sọ pé iṣu ń jáde bọ̀. Àgbẹ̀ mọ̀ pé iṣu wà níbi tó wà, ebè ló ṣí kúrò lára rẹ̀. Òkè Ṣábẹ̀ kò yàtọ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n bí i sí, abẹ́ ilẹ̀ ló wà fún ìgbà tí ẹnu kò lè kà, ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ ni omi kó lọ.

Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, apá ayé tiwa yìí kò dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ lónìí. Àwọn ilẹ̀ ńláńlá ń rìn, wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ooru sì pọ̀ débi pé àpáta yọ́ ní ìsàlẹ̀ jíjìn. Èyí tó yọ́ náà ń wá ọ̀nà àtigòkè, ṣùgbọ́n kò dé ojú ilẹ̀. Ó há sí ìsàlẹ̀ níbi tí ó jìn tó kìlómítà mélòó kan, ó tutù níbẹ̀, ó di gíránáìtì. Ibi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣìnà nìyẹn. Òkè oníná a máa tú ohun yíyọ́ rẹ̀ síta, ojú gbogbo ayé ni í sì le sí. Gíránáìtì Ṣábẹ̀ ti le tán kí ó tó rí oòrùn.

Báwo la ṣe mọ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀? Ẹ mú òkúta kan nídìí òkè náà kí ẹ wò ó dáadáa. Hóró ló kún inú rẹ̀: funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, èyí ni feldspar, èyí tó rí bí àfọ́kù ìgò, quartz, èyí dúdú pẹlẹbẹ tó ń kọ mànà nínú oòrùn, mica. Àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí ní ìletò wa mọ ohun tí hóró túmọ̀ sí. Òrí yíyọ́ tí wọ́n bá tètè mú tutù a máa dán, a máa jọ̀lọ̀. Èyí tí wọ́n bá gbé sí kọ̀rọ̀ kó máa tutù fúnra rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ a máa di hóró hóró, tí ẹ ó máa fi ìka tẹ̀ kó tó yọ́. Òkúta náà bẹ́ẹ̀. Èyí tó tutù kíákíá lójú ilẹ̀ kì í ní hóró tí ojú lásán lè rí. Gíránáìtì tí hóró rẹ̀ tóbi, ó pẹ́ gan-an kó tó tutù, nítorí ilẹ̀ tó nípọn bò ó bí kúbùsù.

Ó ku ìbéèrè tó le jù. Bó bá jẹ́ pé àpáta ló wà lábẹ́ gbogbo agbègbè náà, kí ló dé tí ti ìhín lọ tí ti ọ̀hún dúró?

Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ ibi tí àpáta ti sán. Kò sí àpáta tí kò sán rárá. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ibi sísán rẹ̀ sún mọ́ra bí ìlà ojú Ọ̀yọ́, ibì kan sì wà tí ẹ ó rìn jìnnà kí ẹ tó bá ọ̀kan pàdé. Omi òjò a máa wọ inú ibi tó sán, a máa jókòó síbẹ̀, a máa jẹ àpáta láti inú. Feldspar a di amọ̀. Mica a dípẹtà, ìpẹtà yẹn ló ń sọ ilẹ̀ di pupa. Quartz kì í jẹrà, yanrìn lòun ń dà. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ń mọ ògiri ní Kaboua, yanrìn tí wọ́n ń kó nínú odò Ọ̀kpárá, àti òkè tó dúró gangan lọ́hùn-ún yẹn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn kan ti jẹrà, ọ̀kan kò tíì jẹrà.

Nígbà tí orí àpáta tó le bá ti yọ tán, oríire rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Òjò rọ̀ lé e, òjò ṣàn kúrò, oòrùn gbẹ ẹ́ kí wákàtí tó yí. Omi tó sáré kọjá kò rí nǹkan jẹ. Ìdí rẹ̀ ni gbogbo omi yẹn ń wọ̀, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ló ń tutù fún oṣù mélòó kan, ibẹ̀ náà ni àpáta ti ń tètè jẹrà jù. Nítorí náà, orí kò lọ, ìdí ń lọ. Ẹ rí i báyìí pé òun ló fà á tí kò fi sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ fi kan ògiri àpáta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò mọ èyí yóò máa rò pé wọ́n gbé òkè náà wá láti ibòmíràn ni.

Irú òkè bẹ́ẹ̀ a máa pàdánù mítà díẹ̀ péré láàárín mílíọ̀nù ọdún kan. Kò sẹ́ni tó lè rí i kó yí padà lójú ara rẹ̀. Kí wá ni ìyá mi àgbà rí? Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ló rí, kò kàn mọ̀ ni. Ẹsẹ̀ ènìyàn, ẹsẹ̀ ewúrẹ́, ìgbálẹ̀ àràárọ̀ àti òjò ti gbé ilẹ̀ ìdí àpáta yẹn lọ láàárín ọgọ́rin ọdún. Ibi tí ó ti ń fọwọ́ kan orí òkúta kan nígbà èwe rẹ̀, ó ga jù ú lọ báyìí lóòótọ́. Ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kàn gbé e fún ẹni tí kò ṣe é.

Ọ̀rọ̀ roboto náà ní ìdí tirẹ̀. Nígbà tí ẹrù kìlómítà mélòó kan kúrò lórí gíránáìtì, ara tù ú bí alárùú tó sọ àpò gbàgúdà kalẹ̀. Ó wú díẹ̀, ó sì sán ní ìpele ìpele, bí àlùbọ́sà. Oòrùn ọ̀sán àti otútù ọyẹ́ ń bá a bó ìpele náà. Èyí tó wà lókè a yẹ̀, a já, a yí gbirigbiri wá sísàlẹ̀, a fọ́ sí wẹ́wẹ́, omi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igun rẹ̀ kó tó jẹ ikùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi ṣe ń pàdánù igun rẹ̀ kọ́kọ́. Òun ni ìdí tí àwọn òkúta tó tò jọ nísàlẹ̀ fi rí bí ẹyin, tí àwọn kan fi gun orí ara wọn bí ìgbà tí ọmọdé to òkúta ṣeré.

Ẹ má rò pé tiwa nìkan ni. Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti òkè Ìdàńrè, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà dé ojú ayé. Ní ọdún 1900 ni ará Jámánì kan, Wilhelm Bornhardt, tó ń yẹ ilẹ̀ wò níbi tó ń jẹ́ Tanzania lónìí, fún irú wọn ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń lò títí di ìsinsìnyí: inselberg, òkè tó dà bí erékùṣù. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju mamelles lọ fíìfíì. Ẹ gun orí òkè Ṣábẹ̀ kan láàárọ̀ ọjọ́ tí ìkùukùu bo ilẹ̀, ẹ ó rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a mu.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ tí ẹnu máa ń yà wọ́n. Láyé ìgbà tí àwọn gíránáìtì wọ̀nyí ń dì, kò sí òkun láàárín àwa àti Brazil. Ilẹ̀ kan ni. Ibi sísán ńlá kan nínú àpáta tó gba Kandi kọjá lápá àríwá Bẹ̀nẹ̀, àwọn onímọ̀ rí ìyókù rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ceará lọ́hùn-ún, nítòsí Sobral. Ní Ceará kan náà, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Quixadá, ilẹ̀ gbígbẹ pẹrẹsẹ pẹ̀lú òkè gíránáìtì tó dá dúró káàkiri. Bí wọ́n bá di ojú ọmọ Ṣábẹ̀ kí wọ́n tó tú u síbẹ̀, yóò kọ́kọ́ bèèrè ọ̀nà ilé wọn. Nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ilẹ̀ náà pín sí méjì tí òkun wọ àárín wọn. Àwọn baba àwọn Àgùdà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn kan lára wọn padà wá, orí àpáta tó ti jẹ́ ọ̀kan rí ni wọ́n ti kúrò tí wọ́n sì lọ bá.

Ara òkè náà dúdú, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fọ́ òkúta rẹ̀ yóò rí i pé inú rẹ̀ kò dúdú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé iná ìgbẹ́ ló jó o. Iná kọ́. Ohun abẹ̀mí kékeré tí ojú kò lè rí lẹ́yọ ẹyọ ló bò ó, wọ́n ń jẹ oòrùn bí ewé ti ń jẹ ẹ́, wọ́n ń sùn lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n ń jí bí òjò bá kan wọ́n. Ibi tí omi máa ń gbà ṣàn ni wọ́n ti ń pọ̀ jù, ìyẹn ni ìlà dúdú tó ti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ má tẹ ìlà yẹn lẹ́yìn òjò o! Ó ń yọ̀ ju ilá lọ. Kóríko kan tún wà tó máa ń hù lórí irú àpáta báyìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Afrotrilepis pilosa lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Lásìkò ọyẹ́, ó gbẹ fáú, ẹ ó fẹ́ fi dáná. Òjò àkọ́rọ̀ méjì mẹ́ta, ó ti padà di tútù láìjẹ́ pé ó hu ewé tuntun. Ewé tó ti gbẹ náà ló jí.

Omi ni mo fẹ́ kí á jókòó tì díẹ̀, nítorí òun ló kan àpò àwọn ará ilé. Òjò Ṣábẹ̀ lọ́dún kan sún mọ́ 1,100 mìlímítà, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń rọ̀. Mìlímítà òjò kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan nìyẹn. Ẹ wá mú àpáta tó fẹ̀ tó hẹ́kítà kan, kí òjò 20 mìlímítà rọ̀ lé e lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó di 200,000 lítà. Ẹ bù ú sínú bidọ́ọ̀nù 25 lítà tí àwọn obìnrin wa ń rù, bidọ́ọ̀nù 8,000. Àpáta kì í mu omi, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ṣàn wá sí ìdí òkè láàárín wákàtí díẹ̀. Ìdí òkè ń gba òjò tirẹ̀, ó tún ń gba ti àpáta. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu mọ́ pé igi ìdí òkè ń tútù nígbà tí ti pápá ti wọ́ ewé, tàbí pé àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ mọ ibi tí wọn ó ti gbin ohun tó fẹ́ omi.

Ti kànga ló ń dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ pọ́ǹpù sí ilé lágbájá, omi ń tú. Wọ́n gbẹ́ ẹ sí ilé tèmi, ìgbésẹ̀ ọgbọ̀n sí i, eruku ló jáde, owó lọ. Èrò tó máa ń kọ́kọ́ wá ni pé wọ́n ṣe nǹkan síbẹ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ibi tí àpáta ti sán. Ní Àjàṣẹ́, iyanrìn àti amọ̀ tó nípọn ló wà nísàlẹ̀, omi tẹ́ káàkiri inú rẹ̀ bí omi inú kànìnkànìn. Ẹ gbẹ́ ibikíbi, ẹ ó bá a. Ní Ṣábẹ̀, ọ̀nà méjì péré ni omi ní láti dúró: nínú àpáta jíjẹrà tó wà lókè, tí kì í nípọn púpọ̀, àti nínú ibi sísán lára àpáta líle tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ gba ibi tó sán rí omi. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ wọ inú àpáta dídì kò ní rí nǹkan kan, ì báà gbẹ́ ẹ dé ọ̀run. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fi iná mànàmáná yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Owó àyẹ̀wò náà máa ń ka àwọn ènìyàn lára, ṣùgbọ́n kò tó owó ihò gbígbẹ kan.

Àwọn baba wa mọ ìwúlò mìíràn. Ní sẹ́ńtúrì 19, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mẹ̀ ń kó àwọn ìlú Yorùbá lẹ́rú, tí wọ́n jó Kétu ní ọdún 1886, òkè ni àwọn ará Ṣábẹ̀ ń sá lọ. Ẹ fi ohun tí a ti sọ bọ̀ yìí wò ó, ẹ ó rí i pé àpáta tó bó bí àlùbọ́sà bá ìsápamọ́ mu. Àwọn òkúta ńlá tó já tí wọ́n gbé ara lé ara wọn fi ihò sílẹ̀ lábẹ́ wọn. Kòtò kéékèèké tó wà lórí àpáta ń gba omi òjò. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó yí i ká kò fún ọ̀tá níbi ìfarapamọ́, ẹni tó wà lókè á ti rí eruku ẹsẹ̀ wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀gbá náà ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ Olúmọ.

Lóde òní, òòlù ni wọ́n ń gbé lọ bá òkúta náà. Ní agbègbè òkè wa yìí, àwọn obìnrin pọ̀ tó ń fọ́ gíránáìtì sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń da kọnkéré. Bí òkúta bá tóbi jù, wọn a dáná lé e lórí títí ojú rẹ̀ yóò fi sán, kí òòlù tó ríbi wọ̀. Ohun tí oòrùn àti ọyẹ́ ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣe, wọ́n ń fi ìdì igi kan ṣe é láàárín ọ̀sán kan. Oúnjẹ ọmọ wọn ni, mi ò lè bá wọn wí. Èéfín yẹn àti eruku òkúta tó ń wọ imú wọn ló ń dùn mí. Kò sí èyí tó ń fi aṣọ bo imú nínú wọn tí mo rí.

Bí ẹ bá gun òkè náà nígbà kan, nínú ọyẹ́ ni kó jẹ́, láàárọ̀ kùtù, kí àpáta tó gbóná. Ẹ mú òkúta kékeré kan dání kí ẹ máa fi kan ara àpáta bí ẹ ti ń lọ. Níbi púpọ̀, yóò máa dún kó, kó, kó. Ibì kan wà tí yóò dún gbòò bí ìlù. Ẹ yà kúrò níbẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ìpele tó ti yẹ̀ ni, inú rẹ̀ ti ṣófo. Òun ló kàn tí yóò já.